Ẹni Tébi Ń Pa Kọ́ Ló Nílò Áàpù

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórílẹ̀-èdè yìí mú àbá wá lórí ohun tí wọ́n lè fi ran ìlú lọ́wọ́, àbá kan wà tí kì í pẹ́ yọjú: kí wọ́n ṣe áàpù tí yóò so ilé oúnjẹ tó ní àṣẹ́kù pọ̀ mọ́ ẹni tí kò rí jẹ. Olóúnjẹ á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé ìrẹsì abọ́ mẹ́wàá ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ òun. Ẹni tébi ń pa á rí i lórí fóònù tirẹ̀, á wá gbà á. Ta ló máa gbọ́ irú àbá bẹ́ẹ̀ tó máa ní kò dára? Bí ìlú kan bá sì wà ní Ọ̀ṣun tó yẹ kó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Ẹdẹ ni. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Àríwá Ẹdẹ àti Gúúsù Ẹdẹ, ló pín ìlú kan ṣoṣo náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta pàtàkì ló sì wà níbẹ̀: Pọ́lì Ìjọba Àpapọ̀ tó ti wà láti 1992, Yunifásítì Adeleke tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, àti Redeemer's University tó kó dé ìlú náà ní 2012. Níbi tí ọ̀dọ́ tó mọ fóònù í lò bá pọ̀ tó báyìí, ẹni tó bá ní áàpù náà kò ní í rìn jìnnà á dà bí ẹni tó ń jowú ọmọdé. Síbẹ̀, èrò mi ni pé bí wọ́n bá ṣe é gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ń yà á sórí pátákó, kò ní í ju oṣù mélòó kan lọ tí yóò fi kú. Ohun tó lè mú un dúró ni pé kí wọ́n yọ ẹni tébi ń pa kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Kí áàpù náà jẹ́ ti ẹni tó ní oúnjẹ àti ti ẹni tó máa gbé e. Kí ẹni tó máa jẹ ẹ́ má ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú fóònù rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí oúnjẹ ti ń ṣòfò, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe áàpù ti máa ń ṣìnà. UNEP, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, gbé ìròyìn jáde ní 2024 pé oúnjẹ tí aráyé dà nù ní 2022 tó bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 50 tọ́ọ̀nù. Mílíọ̀nù 631 nínú rẹ̀ wá láti inú ilé àwọn ènìyàn. Mílíọ̀nù 290 wá láti ilé oúnjẹ àti àwọn ibi tí wọ́n ti ń sè fún èrò. Mílíọ̀nù 131 wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́jà. Ti ilé oúnjẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ìlú òkèèrè tí wọ́n ti ń tẹ́ oúnjẹ kalẹ̀ lọ bí ẹní kí oníkálùkù máa bù ú wà nínú ìṣirò náà. Olóúnjẹ Ẹdẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó ń ta àmàlà ní Òkè Gádà kì í ro gbogbo ẹlùbọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí oníbàárà ṣe ń dé ló ń rò ó, bí ọjọ́ bá sì ti ń rọ̀ tí èrò ń dínkù, kò ní í gbé omi kaná mọ́. Ẹran tó kù á wọ ọbẹ̀ ọ̀la. Ìrẹsì tó kù, òun àti àwọn ọmọ tó ń bá a fọ abọ́ ni yóò gbé e relé. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà epo tí kò tó igba náírà nígbà náà wọ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kí 2024 tó parí. Ní oṣù kẹfà 2024, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti ọdún tó ṣáájú. Ta ló máa ra ìrẹsì lásìkò bẹ́ẹ̀ tó máa sè é kó ṣẹ́ kù? Áàpù tó bá gbójú lé e pé olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan á ní abọ́ mẹ́wàá tó máa yọ̀ǹda lálaalẹ́, àìrí-kan-ṣe ni yóò pa á.

Ibi tí oúnjẹ ti ń ṣẹ́ kù ní tòótọ́ ni ibi tí ẹni tó sanwó rẹ̀ kò ti fẹ́ jèrè lórí rẹ̀. Òde ìnáwó ni àkọ́kọ́. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Ẹdẹ, Kìrìsìtẹ́nì náà ò sì kéré níbẹ̀, tọ̀tún-tòsì ni wọ́n sì ń náwó: ìsọmọlórúkọ, nikáì, wòlímọ̀, fídáù ọjọ́ kẹjọ, ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, òkú àgbà. Onínàáwó kì í fẹ́ kí oúnjẹ tán mọ́ òun lójú àlejò. Ẹ̀sín tí wọ́n á máa fi ṣe é kò ní í tán láàárín ọdún kan. Nítorí náà, ìyá alásè á gbọ́ pé igba ènìyàn ń bọ̀, á sè fún ọ̀ọ́dúnrún. Bí òjò bá wá rọ̀, tàbí tí òde méjì bọ́ sọ́jọ́ kan náà, kúlà ńlá mẹ́ta mẹ́rin á ṣì kún nígbà tí àwọn onílù bá ń palẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tí kò mọ bó ṣe máa ń parí. Wọ́n á kọ́kọ́ di ti mọ̀lẹ́bí sínú ọ̀rá, wọ́n á bu fún àwọn tó wá kó àga àti tẹ́ǹtì, wọ́n á dé ìyókù pa, ó rẹ gbogbo ènìyàn. Ó di òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Ìrẹsì ti ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn kíkan ti ń ti ìsàlẹ̀ kúlà jáde, adìyẹ àti ajá àdúgbò ló kù tó máa jàǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn òde ìnáwó, ilé ìjẹun àwọn yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú ọgbà wọn náà wà, torí iye ẹni tí wọ́n sè fún àti iye ẹni tó wá jẹun kì í sábà bára mu, pàápàá bí ọlidé bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn oníbúrẹ́dì náà ní tiwọn. Ṣùgbọ́n òde ìnáwó ló tóbi jù, òun náà ló sì ṣòro jù, nítorí pé kò ní ojú kan. Ilé oúnjẹ kì í ṣípò. Òde ọ̀sẹ̀ yìí kọ́ ni òde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó ń ti òde kan bọ́ sí òmíràn ni alásè. Òun ló mọ iye tó sè, òun ló mọ ìgbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ń rí i pé oúnjẹ kò ní í tán. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe áàpù fún ẹnì kan, òun ni kí wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n fi onínàáwó sílẹ̀, torí orí tiẹ̀ ti gbóná tó lọ́jọ́ náà.

Oúnjẹ wà, ó ku àkókò, ọ̀rọ̀ àkókò yìí sì ni igi lẹ́yìn ọgbà gbogbo iṣẹ́ náà. Oúnjẹ inú agolo lè dúró de ẹni tó máa jẹ ẹ́. Oúnjẹ sísè ò dúró de ẹnì kankan. Nínú ìmọ̀ràn márùn-ún tí WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi ń kọ́ aráyé nípa oúnjẹ, wọ́n ní kí oúnjẹ sísè má ṣe wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ, àfi tó bá wà nínú fíríìjì tàbí tó ṣì gbóná ju 60 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Àwọn aláṣẹ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà tilẹ̀ ní wákàtí kan péré ni bí ooru ibi tí oúnjẹ wà bá ti kọjá 32, Ẹdẹ sì máa ń kọjá ibẹ̀ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ìrẹsì, tí gbogbo òde ń sè, wà lára èyí tó léwu jù. Kòkòrò àìfojúrí kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bacillus cereus máa ń bá ìrẹsì wá láti oko, gbígbóná lórí iná kì í sì í pa hóró rẹ̀. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú kúlà, hóró náà á sọ, á máa bí sí i, á sì tu májèlé sílẹ̀ tí gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè bà jẹ́. Ẹni tó ní òun á gbé ìrẹsì àná kaná kó lè dára kò tíì ṣe nǹkan kan. Nílùú tí iná mànàmáná ń wá bó ṣe wù ú, fíríìjì kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ tẹ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé àwòrán ìlú tó ń fi ibi tí oúnjẹ wà hàn kọ́ ló yẹ kó wà lójú áàpù náà, aago ni. Ọ̀rọ̀ tí alásè máa fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju báyìí lọ: ìrẹsì kúlà kan, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní aago méjìlá, ó ṣì gbóná, ẹran kò sí lórí rẹ̀, ẹ wá gbé e kí aago méjì tó lù. Bí aago méjì bá lù tí kò sẹ́ni tó dáhùn, kí áàpù pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i mọ́.

Àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú wa kò gba ọ̀nà kan náà. Oscar Ekponimo, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe Chowberry, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Rolex ní 2016. Bí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára oúnjẹ inú agolo tàbí páálí bá ti ń pé bọ̀, ilé ìtajà á dín owó rẹ̀ kù, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú àti àwọn tówó wọn ò ká a tẹ́lẹ̀ á sì rí i rà. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n páálí ló ní ọjọ́ lára. Ìkòkò ẹ̀fọ́ kò ní. Lagos Food Bank tí Michael Sunbola dá sílẹ̀ ní 2015 náà, oúnjẹ tí kì í tètè bàjẹ́ ni wọ́n sábà ń dì sínú àpótí fún àwọn aláìní. Too Good To Go tó bẹ̀rẹ̀ ní Denmark, tó sì ti gbòde kan káàkiri Yúróòpù, ń ta àṣẹ́kù ilé oúnjẹ ní ẹ̀dínwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù àti káàdì báǹkì. Ó ń dín òfò kù lóòótọ́, àmọ́ tálákà kọ́ ló ń wá. Àwọn méjì tó sún mọ́ ohun tí Ẹdẹ lè lò ni FoodCloud àti Robin Hood Army. Obìnrin méjì, Iseult Ward àti Aoibheann O'Brien, ló dá FoodCloud sílẹ̀ ní Ireland ní 2013: ilé ìtajà á sọ ohun tó ṣẹ́ kù, ẹgbẹ́ aláàánú tó wà nítòsí á gba àtẹ̀jíṣẹ́ lásán lórí fóònù, wọ́n á sì rán ẹni tó máa lọ kó o. Robin Hood Army ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Delhi ní 2014, nígbà tí Neel Ghose àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn ilé oúnjẹ lálẹ́ tí wọ́n ń pín in fún àwọn tó ń sùn ní títì. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. WhatsApp ni wọ́n fi ń pe ara wọn jọ, iṣẹ́ náà sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú. Nínú méjèèjì, kò síbi tí wọ́n ti ní kí ẹni tébi ń pa tẹ ohunkóhun. Àárín ẹni tó ní àti ẹni tó ń gbé ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ á bi mí pé kí ló burú nínú kí aláìní náà rí i fúnra rẹ̀, ṣebí fóònù ti wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì wà lóòótọ́. Èyí tó ń gba áàpù ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2025, àjọ NCC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi ìdajì kún owó ìpè àti dátà. Ẹni tó bá lè máa ra dátà lójoojúmọ́ kó lè mọ ibi tí ìrẹsì ọ̀fẹ́ wà, kì í ṣe òun ni ebi ń pa jù ládùúgbò. Ìyá àgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó tí wọn kò fi nǹkan ránṣẹ́, opó tó ní ọmọ mẹ́rin, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì tó ń retí owó ìfẹ̀yìntì, àwọn wọ̀nyí ni áàpù náà ń wá, àwọn náà ni kò sì ní í rí. Ojú títì tún wà níbẹ̀. Ní 2015, ìjọba Ọ̀ṣun jẹ òṣìṣẹ́ àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lówó fún ọ̀pọ̀ oṣù, àkókò ààbọ̀ owó oṣù sì tẹ̀ lé e. Olùkọ́ tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì lílọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lásìkò náà lè má tíì jẹun láti àná, kò sì sí ohun tó máa mú un kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé àwọn tébi ń pa. Orúkọ yẹn gan-an ni ewu kejì. Lórílẹ̀-èdè wa, ìwé orúkọ aláìní kì í pẹ́ di ìwé orúkọ àwọn olóṣèlú. Ní oṣù keje 2023, ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀ kọ ìwé orúkọ aláìní tí ìjọba àpapọ̀ ní lọ́wọ́, wọ́n ní kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bí áàpù Ẹdẹ kò bá ní orúkọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹun nínú, kò sí ohun tí olóṣèlú máa yí, kò sì sí ohun tí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì máa jí.

Ẹ̀rù tún wà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kì í sábà fi sínú ìṣirò. Nílẹ̀ Yorùbá, a kì í ṣàdédé jẹun lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ìyá á ti kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kó tó jáde nílé pé kó má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí wọn a máa fi oúnjẹ jẹ èèyàn. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ orúkọ áàpù sí bá kan ilẹ̀kùn ní àdúgbò kan pé òun gbé ìrẹsì wá, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á sì dà á nù lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè tú ìyẹn. Ẹni tó lè tú u ni ẹni tí àdúgbò ti mọ̀: Ìyá Sùnná ní mọ́sálásí, Ìyá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, baálé agboolé, olórí àwọn ọlọ́jà. Irú àwọn wọ̀nyí ti mọ ilé tí iná kò tan ní àdògán láti ìjẹta, wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni fi í sórí fóònù kí wọ́n tó mọ̀. Ọ̀ṣun kì í ṣe àlejò nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí ní 2006, wọ́n sì fún un lórúkọ O'MEALS ní 2012 nígbà ìjọba Gómìnà Rauf Aregbesola. Ohun tó fún un lẹ́sẹ̀ ni pé obìnrin tó ń sè fún ilé ìwé kan ní orúkọ, ó ní ojú, àwọn òbí mọ ilé rẹ̀. Bí inú bá run ọmọ kan, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa bi. Áàpù tó bá fẹ́ dúró ní Ẹdẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ ẹni tó sè é àti orúkọ ẹni tó gbé e síta, kó sì fi ti ẹni tó jẹ ẹ́ pamọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà tí oúnjẹ gbà dé ọwọ́ ènìyàn kò já mọ́ nǹkan, kó rántí oṣù kejìlá 2024. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù náà, àwọn ọmọdé 35 ló kú ní ọgbà Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn, níbi tí èrò ti ya lu ibi tí wọ́n ti fẹ́ pín ẹ̀bùn ọdún. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn tún kú nínú èrò tó ń du oúnjẹ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Abuja àti ní Okija, ìpínlẹ̀ Anambra. Ìlara kọ́ ló pa wọ́n, ìwà ipá kọ́ ni. Pé wọ́n kéde ibì kan ṣoṣo àti àkókò kan ṣoṣo fún gbogbo ẹni tébi ń pa ló pa wọ́n. Ẹ wá wo áàpù tí wọ́n ń yà sórí pátákó yẹn: kí ló ń ṣe bí kò ṣe pé ó ń kéde ibì kan ṣoṣo fún gbogbo ẹni tébi ń pa? Abọ́ mẹ́wàá wà ní ojúlé kan, ọgọ́rùn-ún ènìyàn rí i lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí nìkan tó láti mú kí wọ́n fi í sílẹ̀. Oúnjẹ tó bá ń lọ láti ọwọ́ alásè sí ọwọ́ Ìyá Sùnná, tí Ìyá Sùnná sì ń rán ọmọ sí ilé márùn-ún ní kọ̀rọ̀, kì í pe èrò jọ.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ẹni tó máa ń béèrè pé: bí inú ẹnì kan bá run ńkọ́? Ẹni tó da oúnjẹ rẹ̀ nù, kò sẹ́ni tó máa pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó fi í tọrẹ lè di ẹni tí ọlọ́pàá ń wá. Àtakò yìí kì í ṣe àwáwí, òun ló ń mú kí àwọn ilé oúnjẹ ńlá fẹ́ràn ààtàn ju aládùúgbò lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin ni wọ́n fi yanjú rẹ̀. Òfin Bill Emerson ti 1996 dáàbò bo ẹni tó bá fi tọkàntọkàn tọrẹ oúnjẹ, àyàfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi tàbí tó ṣe àìbìkítà tó burú jáì. Faransé gba ọ̀nà mìíràn ní 2016, ó ní dandan ni kí àwọn ilé ìtajà ńlá bá àwọn ẹgbẹ́ aláàánú ṣe àdéhùn lórí àṣẹ́kù. Dandan kò lè bá Ẹdẹ mu, torí alásè kì í ṣe ilé ìtajà ńlá, ṣùgbọ́n ààbò ṣeé ṣe. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lè kọ òfin kékeré kan tí yóò sọ pé ẹni tó kọ wákàtí tó sọ oúnjẹ kalẹ̀, tó sì yọ̀ǹda rẹ̀ kí àkókò tó kọjá, kò ní ẹjọ́ í rò. Ẹni tó bá parọ́ wákàtí, ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ rí i pé aago tí mo ní kó wà lójú áàpù ló tún di ẹ̀rí níwájú adájọ́. Bí wọn kò bá ṣòfin náà, àwọn alásè tó ní orúkọ láti dáàbò bò kò ní í wọlé, àwọn tí kò ní nǹkan í pàdánù ló máa kù, oúnjẹ tiwọn gan-an ló sì léwu.

Àwọn mìíràn á ní ìwọ̀sí ni láti máa fún ọmọlúàbí ní àṣẹ́kù. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn nínú kúlà ni mò ń sọ, kì í ṣe èyí tí wọ́n jẹ kù sínú abọ́, ilé onínàáwó fúnra rẹ̀ kì í sì í ka ìrẹsì inú kúlà yẹn sí ìwọ̀sí nígbà tí wọ́n bá ń dì í sínú ọ̀rá fún mọ̀lẹ́bí. Ibi tí ìwọ̀sí wà ni kámẹ́rà. Ó ti di àṣà láàárín wa pé ẹni tó fún èèyàn ní kóńgò gàrí kan á ya fọ́tò mẹ́wàá, ojú ẹni tó gbà á á wà lórí Facebook títí ayé. Kí áàpù náà má ní àyè fọ́tò rárá. Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn tó ń wá owó lọ́dọ̀ òyìnbó, torí fọ́tò ni òyìnbó fi ń mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ. Àwọn kan á tún ní sàráà ti wà kí fóònù tó dé, pé Yorùbá kò nílò kí ẹ̀rọ kọ́ òun ní ìtọrẹ. Òótọ́ ni. Àmọ́ sàráà ẹni tó ń náwó ní òkè ìlú kì í dé ìsàlẹ̀ ìlú, torí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ ló ń fún, àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ sì ti wá jẹun ní òde náà tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí fóònù lè fi kún sàráà ni kí Ìyá Sùnná àdúgbò kejì tètè gbọ́.

Ẹni tó bá sọ pé àṣẹ́kù kò lè mú ebi kúrò ní Ọ̀ṣun, mi ò ní í bá a jiyàn. Ní oṣù keje 2023, Ààrẹ Bola Tinubu kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì lórílẹ̀-èdè yìí. Kúlà òde ìnáwó kò lè dípò oko, ọ̀nà oko, owó oṣù tó tó jẹun, àti ààbò tí àgbẹ̀ lè fi sùn sí abúlé rẹ̀. Bí gómìnà kan bá fi áàpù yìí ṣe àwíjàre fún owó ìfẹ̀yìntì tí kò san, kí wọ́n má gbà fún un. Ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ Sátidé kì í dúró de ètò ọ̀gbìn. Àwọn alásè kọ́ ló máa sọ fún wa ìgbà tí ebi máa tán. Wọ́n kàn lè sọ fún wa pé kúlà méjì ṣì gbóná.

Ó wá ku owó àti ẹsẹ̀. Kíkọ áàpù kò wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́lì lè ṣe é lórí WhatsApp, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà kúkúrú tí fóònù onítọ́ọ̀ṣì lè tẹ̀ kún un, irú èyí tí àwọn àgbà ti mọ̀ láti ọ̀dọ̀ báǹkì. Epo ló wọ́n. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà epo báyìí, owó kékeré kọ́ ni ọ̀kadà tó bá ń gbé kúlà la ìlú já á máa ná. Nítorí náà, kí áàpù má ṣe so ẹnikẹ́ni pọ̀ mọ́ ẹni tí kò lè fi ẹsẹ̀ tàbí kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlú tó mọ níwọ̀n bí Ẹdẹ lè ṣe èyí ju Èkó lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alásè mẹ́wàá àti mọ́sálásí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà ní apá kan ìlú, lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀, nígbà tí nikáì tí Rámádàn dá dúró bá ń rọ́ dé léraléra. Kí wọ́n má ka iye ènìyàn tó gba áàpù sórí fóònù, torí ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Wákàtí tó wà láàárín ìgbà tí alásè sọ ìkòkò kalẹ̀ àti ìgbà tí abọ́ dé ọwọ́ ìyá àgbà ni kí wọ́n máa kọ sílẹ̀. Bó bá ń lé ní méjì ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n má ṣe wá owó láti fi tún áàpù ṣe. Kí wọ́n wá ọ̀dọ́ méjì sí i tó ní kẹ̀kẹ́.